Ta Ni Mo Gbé Ẹrù Mi Lé Lórí?

  

Lẹ́yìn ìpàdé wa ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa tí ó ń sin adìyẹ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ní, "Mama Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi yín, ẹ má bínú." Mo ní kí ó wí. Ó sọ fún mi pé owó ìnṣọ́ránsì tí òun ń san lórí adìyẹ òun ti di ìlọ́po méjì ti èṣí. Adìyẹ 1,000 ni òun ní, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti gba òun nímọ̀ràn pé kí òun kọ 400 sínú ìwé, kí owó náà lè fúyẹ́. Ó wá bi mí pé, "Mama, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ó ṣe tán, owó ara mi ni mò ń dá sí, n kò jí ti ẹnikẹ́ni."

Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òtítọ́ àti irọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi, nítorí pé ohun tí ó ń bi mí yìí gan-an, èmi náà ti ṣe é rí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ìdáhùn mi ni mo kọ síhìn-ín, kí ó lè wúlò fún gbogbo àwa tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń bá nílé lọ́dọọdún.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin kan kí ó tó sùn nínú Olúwa. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà kò lè kọ́ irú rẹ̀ láéláé, nítorí náà ni mo ṣe ń san owó ìnṣọ́ránsì lórí rẹ̀. Ní 2015, wọ́n díye lé e pé 8 mílíọ̀nù náírà ni yóò gbà láti tún un kọ́ bí iná bá jó o tàbí bí ìjì bá wó o. ₦20,000 ni mo ń san lọ́dún, n kò sì ráhùn.

Ní ìparí 2024, ọmọkùnrin alágbàtà tí ó ń bá mi ṣe ìwé náà wá sí ilé. Mo kọ́ ọ nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Mama, 40 mílíọ̀nù ni ilé yìí yóò gbà láti tún kọ́ báyìí. Bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ₦100,000 ni ẹ óò san." Àyà mi já. Ó wo ojú mi, àánú mi ṣe é, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a fi í sí 8 mílíọ̀nù bí ó ti wà. Ta ni yóò wá wọ̀n ọ́n?" Mo dákẹ́ díẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú.

Ní oṣù kẹta 2025, òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Ìjì náà ká páànù láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn, ó sì wó ògiri kan. Káfíńtà àti bíríkìlà ṣírò àtúnṣe rẹ̀ sí 5 mílíọ̀nù. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní 5 kò kúkú tó 8. Ẹ wo bí ẹnu ti yà mí tó nígbà tí iléeṣẹ́ náà kọ̀wé pé 1 mílíọ̀nù péré ni àwọn yóò san.

Mo bínú. Mo pè wọ́n ní olè. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta sí wọn. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìwé àdéhùn náà jáde, mo wọ awò ojú mi, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí ìṣirò ojú pátákó. Ilé tó 40 mílíọ̀nù, mo kọ 8. 8 nínú 40 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Ìwé àdéhùn náà sọ pé ẹni tí ó bá kọ ìdá kan nínú márùn-ún iye ohun ìní rẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún òfò rẹ̀ ni yóò gbà, ìbáà ṣe òfò kékeré. Ìdá mẹ́rin yòókù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fara gbá a. 5 mílíọ̀nù pín sí ọ̀nà márùn-ún jẹ́ 1 mílíọ̀nù. Ìṣirò wọn pé. Èmi tí mo ti ń fa àmì pupa sínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ, èmi ni mo kùnà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe 4 mílíọ̀nù náà ni ó dùn mí jù. Àwọn ọmọ mi san èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ yá owó. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ wa gbọ́, wọ́n dá owó fún mi, wọ́n kó o wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó dá a sí. Mo rí orúkọ opó kan níbẹ̀ tí ó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó sì ń gbé ilé tí ó háyà. Ó dá ₦2,000. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sunkún. ₦80,000 tí mo rò pé mo dá sí, n kò dá a sí rárá. Ẹrù mi ni mo sọ̀ kúrò lórí ara mi, mo sì gbé e lé obìnrin tí ó ń ta ẹ̀kọ lórí láìjẹ́ kí ó mọ̀.

KÍ NI ÌNṢỌ́RÁNSÌ GAN-AN?

Àwọn kan nínú wa rò pé ọgbọ́n òyìnbó láti gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa mọ gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n mọ àárò, tí ẹ óò bá mi roko mi lónìí, tí n óò bá yín ro ti yín lọ́la. Wọ́n mọ ọ̀wẹ̀, tí gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́ yóò péjọ láti bá ènìyàn kan kọ́lé. Àwa obìnrin sì mọ èsúsú dáadáa. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ohun tí ó wúwo jù fún ẹnìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pawọ́pọ̀ gbé.

Ìyàtọ̀ kan wà. Nínú èsúsú, gbogbo ènìyàn ni yóò kó owó nígbà tí ó bá kàn án. Nínú ìnṣọ́ránsì, a ń gbàdúrà pé kí ó má kàn wá láéláé. Ẹni tí ó san owó fún 20 ọdún tí iná kò jó ilé rẹ̀ kò pàdánù. Owó rẹ̀ ti kan òrùlé fún ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn iná ńlá tí ó jó ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1666 ni ìnṣọ́ránsì iná ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará wa Mẹ́tọ́díìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá dá iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tiwọn sílẹ̀ ní 1872 láti máa dáàbò bo àwọn ilé ìjọsìn wọn. Wọn kò rò pé èyí tako ìgbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Jósẹ́fù ní Íjíbítì kó ọkà pamọ́ fún ọdún méje nítorí ọdún méje mìíràn, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní aláìgbàgbọ́.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ bi yín. Bí a bá ń dá èsúsú ₦10,000, tí ẹnìkan ń mú ₦4,000 wá ní ìkọ̀kọ̀, tí ó sì fẹ́ kó iye tí àwọn yòókù ń kó, kí ni a óò pè é? Àbúrò mi sọ pé owó ara òun ni òun ń dá sí. Rárá o. Àpò náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Lóòótọ́ ni ọlọ́wọ̀n ń wà nínú àpò ìnṣọ́ránsì tí kò sí nínú èsúsú, ìyẹn ni iléeṣẹ́ tí ó ń jẹ èrè. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń bẹ níbẹ̀, àwọn tí kò jó, tí omi kò gbé, ni ó dá a.

KÍ NI Ó FÀ Á TÍ OWÓ NÁÀ FI Ń GA?

Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀, kí a má baà máa bú ẹni tí kò ṣẹ̀. Nínú ọ̀ràn tèmi, iléeṣẹ́ náà kò fi kọ́bọ̀ kún owó tí ó ń gbà lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. ₦2,500 ni lórí mílíọ̀nù kan ní 2015, ₦2,500 náà ni ní 2024. Owó náírà ni kò níye mọ́, tí iye ilé fi ga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ní oṣù kejì 2024, ìjọba pe àwọn tí ó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jọ, wọ́n sì fi àdéhùn sí i pé kí wọ́n máa ta àpò kan láàárín ₦7,000 sí ₦8,000. Èyí ni wọ́n sì kà sí ìrànlọ́wọ́ fún wa! Oúnjẹ adìyẹ, òròmọdìyẹ àti oògùn wọn náà gbówó lórí. Adìyẹ tí ó wọ́n láti rà, yóò wọ́n láti fi ìnṣọ́ránsì bò.

Ìdí kejì ni pé àjálù ń pọ̀ sí i. Ìkún omi 2022 pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn kúrò nílé wọn. Ìdí kẹta ni pé àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì wa fúnra wọn a máa gbé díẹ̀ nínú ẹrù wọn lé àwọn iléeṣẹ́ tí ó tóbi jù wọ́n lọ ní òkè òkun, dọ́là ni wọ́n sì ń fi san owó ìyẹn.

Ìṣòro yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ráhùn sí mi lórí fóònù pé, "Mummy, orí òkè ni mò ń gbé, omi kò lè dé ọ̀dọ̀ mi, síbẹ̀ owó tèmi ń ga nítorí àwọn tí ó kọ́lé sẹ́bàá odò." Ètò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Flood Re. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, wọ́n sì ṣètò pé kí ó wà títí di 2039. Àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ilé ń dá owó sínú àpò kan, kí owó tí ẹni tí ilé rẹ̀ wà níbi ìkún omi ń san má baà ju agbára rẹ̀ lọ. Ara owó tí ẹni tí ó wà lórí òkè san ni wọ́n ti ń mú un. Mo bi ọmọ mi pé, "Bí o bá dàgbà bíi tèmi, tí o kò lè gun òkè mọ́ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó wà lórí òkè lónìí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò gbé lọ́la.

ỌRẸ Ẹ̀RÍ SÀFÍRÀ

Ẹ rántí ìtàn Ananíà àti Sàfírà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 5. Wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n fi apá kan owó náà pamọ́, wọ́n sì mú ìyókù wá bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Pétérù jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni ilẹ̀ náà, tiwọn sì ni owó náà. Kò sí ẹni tí ó fi dandan mú wọn láti mú gbogbo rẹ̀ wá. Bí wọ́n bá sọ pé "ìdajì rèé", wọn ì bá má kú. Iye tí wọ́n pè é ni ó pa wọ́n.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ fún àwa obìnrin. Wọn kò bi Sàfírà léèrè pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀. Òun nìkan ni ó dúró, wọ́n bi í ní iye owó náà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Àwọn mìíràn nínú wa ń buwọ́ lu ìwé tí ọkọ tàbí alágbàtà ti kọ, a ní àwa kò mọ̀. Ọwọ́ tí ó buwọ́ lu ìwé ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. N kò lè di ẹ̀bi tèmi lé akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lórí. Èmi ni tíṣà rẹ̀, èmi ni ó sì yẹ kí n sọ pé rárá.

Nínú Gálátíà 6, Pọ́ọ̀lù ní kí a bá ara wa ru ẹrù ní ẹsẹ kejì. Ní ẹsẹ karùn-ún, ó tún ní olúkúlùkù ni yóò ru ti ara rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu. Páànù tí ìjì ká ni ó kọ́ mi pé wọ́n bára mu. Ẹni tí ó bá ti gbé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká, tí ó sì sọ òtítọ́ nípa ìyókù, kò sí ìtìjú nínú kí ẹgbẹ́ bá a gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ irọ́, àwọn tí kò ní ni ó ń dẹ́rù pa.

ṢÉ GBOGBO ẸNI TÍ KÒ LÈ SAN NI Ó DẸ́ṢẸ̀?

Rárá o. Opó tí ó ń ta ẹ̀kọ kò ní ìnṣọ́ránsì kankan, kò sì jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́ aláìní. Àwọn kan yóò ní, "Mama, àwọn iléeṣẹ́ náà pàápàá kì í san nígbà mìíràn." Òótọ́ ni pé àwọn kan ń fi ènìyàn sáré kiri. Ṣùgbọ́n irọ́ tèmi kò lè tún irọ́ tiwọn ṣe. Ńṣe ni ó ń fún wọn ní àwíjàre. Bí ìwé wa bá mọ́, a lè gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ àjọ NAICOM tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹnu wa yóò sì gbà á.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí:

1. Ẹ kọ iye tí ó jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ju bí ó ti yẹ lọ. Owó tí a óò fi tún ilé kọ́ ni kí a kọ, kì í ṣe iye tí a lè tà á pẹ̀lú ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í jóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san owó lórí ilẹ̀ láìmọ̀.

2. Bí agbára kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ yàn ní gbangba. A lè fi ìnṣọ́ránsì bo ilé, kí a fi ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀. A lè bá iléeṣẹ́ ṣe àdéhùn pé àwa ni yóò máa fara gbá òfò kékeré, kí wọ́n dá sí èyí tí ó bá pọ̀. Owó tí a ń san yóò dín kù, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

3. Ẹ dín ewu kù. Ẹ pe oníná kí ó wo wáyà àtijọ́. Ẹ gé ẹ̀ka igi tí ó tẹ̀ lé òrùlé. Ẹ la ọ̀nà iná yí oko kòkó ká kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má ṣe fi ìkòkò èédú òròmọdìyẹ sílẹ̀ lóru láìsí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ.

4. Ẹ dá àjọ fún un. Láti 2013 ni wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí kò tíì sanwó kò tíì ní ààbò, nítorí náà a kò lè gbà á ní àwìn. Owó tí ó ga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún yóò rọrùn bí a bá pín in sí oṣù 12.

5. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ béèrè nípa ètò ìnṣọ́ránsì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1987, tí àjọ NAIC ń bójú tó. Adìyẹ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni pé àgbẹ̀ yóò san ìdajì owó lórí àwọn ohun ọ̀gbìn àti ohun ọ̀sìn kan, ìjọba yóò sì san ìdajì yòókù. Ẹ lọ wádìí èyí tí ó kan yín.

6. Ẹ ka ìwé kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kí ó mú un wá sí ìpàdé. Àwa tíṣà ṣì wà láàyè.

Ní tèmi, mo pe alágbàtà mi padà, a sì kọ 40 mílíọ̀nù. Mo gbà láti máa fara gbá ₦500,000 àkọ́kọ́ nínú òfò èyíkéyìí, owó náà sì wá sí ₦85,000. Mò ń dá àjọ ₦7,500 lóṣù nítorí rẹ̀. Kò rọrùn. Mo ti dín ẹran kù nínú ọbẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ kan sì ti kọjá tí n kò rà. Mo lọ bá obìnrin ẹlẹ́kọ náà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. N kò dá owó rẹ̀ padà, nítorí pé ìwọ̀sí ni yóò jẹ́. Ó tẹ́tí sí mi tán, ó ní, "Mama, ẹ ṣáà ti ní òrùlé lórí," ó sì ń pọ́n ẹ̀kọ rẹ̀ lọ.

Àbúrò mi tí ó ń sin adìyẹ, ìdáhùn mi rèé: kọ 1,000. Bí owó rẹ kò bá tó, bi wọ́n bóyá wọn yóò gba ilé adìyẹ kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé èkejì kò sí lábẹ́ ààbò. Bí wọn kò bá gbà, wá sọ fún wa nínú ìpàdé kí ewu tó dé. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín wa. Èmi tí ojú ì bá tì ti sọ tèmi ná.

Kí Olúwa dáàbò bo ilé wa àti oko wa, kí ó sì fún wa ní ọkàn òtítọ́ nínú ìgbà ọ̀wọ́n. Àmín.